Èwo Ni Ọmọ Inú Ìgò?

3 (ìyókù rẹ̀)

...àti pé ìgò náà mọ́ tónítóní. Mo ń rí ìta láti inú rẹ̀. Dókítà òyìnbó kan tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó gbé omi kaná tó ń dúró kó hó.

Màmá mi ní irọ́ ni. Ó ní kò sẹ́ni tó lè rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò tíì ju ẹ̀kán omi lọ. Ó tún ní kì í tiẹ̀ ṣe ìgò, pé àwo pẹlẹbẹ kékeré kan ni. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgò ni gbogbo Básìn, àdúgbò wa, ń pè é, èmi náà sì mọ ìgò mi.


4

(Nọ́ńbà kẹrin wà lọ́wọ́ Nafisah. Ó mú un láàárọ̀ yìí, kò sì dá a padà. Mo ti pè é títí lórí ògiri. Mi ò rántí ohun tí mo kọ síbẹ̀ mọ́, àmọ́ ó ṣe pàtàkì gan-an.)


5. ÀWỌN ÈNÌYÀN INÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ, kó má bàa rú yín lójú

ÈMI: Ìyanuolúwa. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe mí, Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ní oṣù kìíní ọdún 1986.

MÀMÁ MI: Fọlákẹ́. Tíṣà. Ó wá ọmọ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

BÀBÁ MI: Ayọ̀dèjì. Òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìjọba rán an lọ kàwé lókè òkun, ó mú ìwé-ẹ̀rí kan àti oyún mi bọ̀. Oyún náà wà lára Màmá mi, ẹ má ṣì mí gbọ́.

MÀMÁ Ọ̀MÙ-ÀRÁN: ìyá Bàbá mi. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dé ibi gbogbo, òun ni kí ẹ sọ ọ́ fún.

NAFISAH: ọ̀rẹ́ mi, ilé kejì. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé.

ÌYÁ SALMAN: Binta lorúkọ rẹ̀. Òun ló bí Nafisah, òun náà ló bí Salman tó tẹ̀lé e. Ẹ máa béèrè pé kí ló dé tí a kì í pè é ní Ìyá Nafisah. Ẹ ní sùúrù.

ALÙÁJÌ DANJUMA: ọkọ Ìyá Salman. Ó ń ta ẹ̀wà àti ọkà bàbà lọ́jà Ìpàtà.

Ọ̀GBẸ́NI FỌLỌ́RUNṢỌ́: òun ló fa gbogbo wàhálà yìí.


6. BÍ GBOGBO AYÉ ṢE MỌ̀

Màmá mi fẹ́ kó jẹ́ àṣírí. Bàbá mi fẹ́ kó jẹ́ àṣírí. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdúpẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Ọ̀mù-Àrán gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ pásítọ̀. Ó ní kí gbogbo ìjọ bá òun yin Ọlọ́run tó ṣe ọmọ òun nínú ìgò, tó dé e, tó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.

Láti ọjọ́ náà:

• Ṣé ìgò mínírà ni àbí ìgò oògùn?

• Ṣé wọ́n kó ìgò náà fún yín wálé?

• Ṣé ó máa ń sunkún bí ọmọ? (Mò ń sunkún lọ́wọ́ nígbà tí ẹni náà béèrè.)

• Tó bá wá ṣubú ńkọ́?

Mo ṣubú. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan. Wọ́n á sáré wá, wọ́n á sì wo ilẹ̀ bóyá nǹkan kan fọ́.


7

Ilé ìwòsàn tó ṣe mí fẹ́ mọ bí irú wa ṣe ń dàgbà. Màmá mi ti fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ pé wọ́n á máa wá wò mí lọ́dọọdún. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan láti Èkó ló ń bá wọn wá. Á wọ̀n mí, á wo eyín mi, á fún mi ní bisikíìtì. Wọ́n ní kí wọ́n tún wá ọmọ kan ládùúgbò, tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tèmi mu, tí wọ́n bí lọ́nà ti gbogbo ayé, kí wọ́n lè fi mí wé e.

Báyìí ni Nafisah ṣe di òṣùwọ̀n mi.

Nafisah kọ́kọ́ rìn. Màmá mi ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni "rárá". Màmá mi pín bọ̀ọ̀lì fún gbogbo ojúlé.

Ẹ̀rù ló ń ba Màmá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sóhun tó fẹ́ láyé ju pé kí ẹnìkan wò mí, kó ní ọmọ bíi tàwọn ọmọ yòókù ni èyí, kó sì máa lọ.


8. ÌDÍ TÍ A KÌ Í FI Í PÈ É NÍ ÌYÁ NAFISAH

Nílé tí wọ́n ti bí Ìyá Salman, obìnrin kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Kúnyà ni wọ́n ń pe àṣà náà lédè Haúsá. Ìtìjú ni, àmọ́ ìtìjú tó níyì ni. Kì í gbé ọmọ náà mọ́ra lójú ènìyàn. Bí ọmọ náà bá ṣubú, ẹlòmíràn ló máa sáré. Bí àwọn ará Básìn bá sì kí i ní "Ìyá Nafisah", ṣe ló máa ń fa gèlè bojú, bí ẹni tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀. Ìgbà tó bí Salman ni ara tó dẹ̀ ẹ́.

Tó bá wá ń wá Nafisah ńkọ́? Èmi ló máa pè.

"Ìyanu."

Èmi á dé, Nafisah á dé. Ìyá Salman á wá kọjú sí mi, á ní kí n sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi rèé ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó ti ń fọwọ́.

Nígbà tó yá, Nafisah ń yára dáhùn sí orúkọ mi ju èmi gan-an lọ.

Lọ́dún iléyá, Ìyá Salman máa ń rán aṣọ méjì. Èmi ló máa kó méjèèjì fún, á ní kí n fún ọ̀rẹ́ mi lọ́kan. Bí mo bá nawọ́ sí èyí tó dára jù, ó ní bó ṣe máa wò mí. Mo ti mọ ìwò yẹn. Mi ò wọ èyí tó dára jù rí.


9

Màmá mi ní tirẹ̀ máa ń pè mí títí orúkọ náà á fi rẹ̀ mí.


10. BÉBÀ KAN TÍ A BÁ LẸ́NU Ọ̀NÀ WA (àdírẹ́sì wa ló wà nínú fáìlì wọn), 1993

> *Ìyá Ìyanuolúwa, nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì, èmi ni mo gba ipò rẹ̀. Mo wá lónìí, mo sì bá yín nílé. Ẹ ṣeun fún omi àti ẹ̀wà. — Fọlọ́runṣọ́*

Màmá mi kà á, ó tún un kà. Ilé ẹ̀kọ́ ló wà láti àárọ̀. Ó ní ta ló bá nílé?


11. ẸNI TÓ BÁ NÍLÉ

Mo rí i. Orí igi gúáfà ni mo wà.

(Kì í ṣe orí igi. Abẹ́ rẹ̀ ni. Mo ń jẹ gúáfà.)

Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ kan ilẹ̀kùn wa, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyá Salman yọjú lórí ògiri, ó ní ọ̀dọ̀ òun lọmọ wà, kó máa bọ̀. Ó ti rí nọ́ọ̀sì tó ń wọn àwa méjèèjì lọ́dọọdún, kò rí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun fẹ́ rí Ìyanuolúwa. Ìyá Salman pe Ìyanu.

Ẹ ti mọ ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni náà di Nafisah lọ́wọ́ mú. Ó kọjú sí mi, ó ní kí èmi ọmọ aládùúgbò ní sùúrù, òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Inú mi dùn débi pé mo jókòó jẹ́ẹ́, mo pa ẹnu mọ́. Nafisah náà pa ẹnu mọ́. Ìdí tirẹ̀ yé mi nígbà tó yá.


12. ÌJÁBỌ̀ ÌBẸ̀WÒ *(òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀, ibi tí kò bá dùn, tiwọn ni)*

ỌMỌ: Ìyanuolúwa. Ó ń yára dáhùn sí orúkọ rẹ̀.

GÍGA, ÌWỌ̀N: ó dára.

ÌṢIRÒ: mo ní kó ka ẹ̀wà mẹ́wàá. Ó kà á, ó ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, ó sọ iye tó kù fún mi.

ÌYÁ: mo bi í bóyá òun ni ìyá ọmọ yìí. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Wọ́n ní èmi ni."

Láti òkèèrè ló ti kígbe pè é wá. Mo ní kó kọjú sí ọmọ náà, kó pè é lórúkọ lójú mi. Ó ní òun kì í pè é. <u>Kì í pè é.</u>

ÀWÒRÁN: mo ní kí ọmọ ya ìyá rẹ̀. Ó yà á dáadáa. Ìyá náà kọ ẹ̀yìn sí wa.

ỌMỌ ÀFIWÉ (ti aládùúgbò, tí wọ́n bí lọ́nà ti gbogbo ayé): obìnrin kan náà yìí gbé e lé ẹsẹ̀, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nu imú fún un. Ọmọ náà ya ìgò kan tó ní ẹsẹ̀ méjì. Ọmọ tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ọpọlọ rẹ̀ pé.

ÈRÒ MI: kò sí ìfẹ́ láàárín ìyá yìí àti ọmọ tó bí nípa ìtọ́jú. Mo dábàá pé kí wọ́n mú ọmọ wá sí Èkó fún sáà ẹ̀kọ́ kan, ká lè máa wò ó.


13. OHUN TÍ MÀMÁ MI ṢE LỌ́SẸ̀ TÍ LẸ́TÀ ÌJÁBỌ̀ NÁÀ DÉ

Ó gbé mi lé ẹsẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún méje, ẹsẹ̀ mi ń wọ́lẹ̀.

Ó ní kí n ya òun. Mo yà á. Ó ní ṣé ojú òun nìyẹn àbí ẹ̀yìn.

Ó bi mí bóyá mo fẹ́ràn òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé kì í ṣe pé òun ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Ó sunkún nínú yàrá, ó jáde wá, ó ní àlùbọ́sà ni. Ẹ̀bà la fẹ́ jẹ lọ́jọ́ náà.

Màmá Ọ̀mù-Àrán kó àpò rẹ̀ dé. Ó ní òun kúkú ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí pé ọmọ náà kì í sábà wo ènìyàn lójú.


14. ÌWÉ TÍ BÀBÁ MI LẸ̀ MỌ́ FÌRÍÌJÌ

LÁTI ỌWỌ́: Olórí Ilé

SÍ: Ìyá Ìyanu

Ẹ̀DÀ: Màmá Ọ̀mù-Àrán, fún ìmọ̀ wọn

Ọ̀RỌ̀: ÌRÌN-ÀJÒ SÍ ÈKÓ

1\. A ti rí lẹ́tà náà gbà.

2\. Ọmọ náà ò lọ síbì kankan.

3\. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹun.

*(Ọwọ́ Màmá mi, pẹ̀lú báírò pupa, nísàlẹ̀:)* Mo ti rí i. Mi ò jẹun.


15

Tíṣà ni Màmá mi, ó wá jókòó ti ìjábọ̀ náà bíi bébà ìdánwò. Ó kà á dé ibi "Wọ́n ní èmi ni", ó dúró. Ó ní òun ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó pè mí, ó ní ìgbà wo ni mo ka ẹ̀wà fún ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ló wà tí Ìyá Salman fi pe Ìyanu láti ilé kejì. Èmi rèé níwájú Màmá mi, mi ò kúrò lójú kan. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí Nafisah tó ń sáré lọ dáhùn.

Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín tán, omi ojú ò tán.


16. ÈSÌ LÁTI ÈKÓ

> *...a ti gba àlàyé yín. Ṣùgbọ́n a ò lè fi lẹ́tà lásán tún fáìlì ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ yóò padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ìjábọ̀ àkọ́kọ́ ni a ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun.*

Bó ṣe máa wà nínú ìwé títí láé nìyẹn: pé Fọlákẹ́, tó fi gbogbo èwe rẹ̀ wá ọmọ, rí ọmọ náà tán, kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè pa á rẹ́. Ẹni náà sì ni Ìyá Salman, tí kì í pe ọmọ rẹ̀.


17. LẸ́BÀÁ ÒGIRI *(abẹ́ fèrèsé ni èmi àti Nafisah wà, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀)*

MÀMÁ MI: Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Salman. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

ÌYÁ SALMAN: Wàláhì, Ìyá Ìyanu, tí ẹ bá ní kí n tẹ̀lé yín lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo lè wá jókòó sẹ́yìn níbẹ̀. Èyí le fún mi.

MÀMÁ MI: Orúkọ lásán ni.

ÌYÁ SALMAN: Kì í ṣe lásán. Ìyá mi ò pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rí títí tó fi kú. Kò sẹ́ni tó sì fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi tó o.

MÀMÁ MI: Ṣé ẹ̀gbọ́n yín mọ̀?



ÌYÁ SALMAN: Mi ò bi í.

*(A gbọ́ bàtà rẹ̀: ó ti ń lọ, ó tún padà.)*

ÌYÁ SALMAN: Ẹ jẹ́ kí n bi bàbá wọn.

Ó bi Alùájì Danjuma. Alùájì ní ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni, òun ò dá sí i. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ pe Gígùn yẹn máa pè é. Gígùn ni òun náà ń pe Nafisah.

Lábẹ́ fèrèsé, Nafisah ń fi èékánná họ ògiri. Mo ní ṣé o gbọ́. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan.


18

Nígbà tó ṣe, ó ní: "Ìyanu, tó bá jẹ́ èmi ni mo lọ Èkó yẹn dípò rẹ, ṣé màmá rẹ máa bá mi lọ?"


19. KÁSẸ́Ẹ̀TÌ *(apá kìíní, pálọ̀ wa, gbogbo wa la wà níbẹ̀)*

FỌLỌ́RUNṢỌ́: Ẹ sún mọ́ ọn, mà. Ẹ máa sọ ọ́.

MÀMÁ MI: Èmi ni Fọlákẹ́. Ọmọ mi nìyí. Ìyanuolúwa. Ìyanu. Ìyanu mi. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ—

FỌLỌ́RUNṢỌ́: Ó ti tó, mà.

MÀMÁ MI: Kò tíì tó. Ìyanuolúwa.

FỌLỌ́RUNṢỌ́: Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀yin náà, mà.

*(Aṣọ ń dún. Gèlè ni.)*

ÌYÁ SALMAN: Ẹ kọjú sí ògiri.

FỌLỌ́RUNṢỌ́: Èmi?

ÌYÁ SALMAN: Gbogbo yín.

*(Àga ń dún. Bàtà ń dún.)*

MÀMÁ Ọ̀MÙ-ÀRÁN: Tó fi mọ́ èmi àgbàlagbà?

ÌYÁ SALMAN: Ẹ̀yin gan-an, mà. Ẹ má bínú.

*(Ó pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Ṣéhù lójúlé kẹta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: gbrrrrrrrrrrr.)*

ÌYÁ SALMAN: [          ]

NAFISAH: Mà.

*(Kásẹ́ẹ̀tì tán.)*


20. OHUN TÓ PÈ

Nafisah ní: "Nafisah."

Mo ní: "Ìyanu", bó ṣe máa ń pè é látẹ̀yìnwá.

Màmá mi ní òun ò gbọ́ orúkọ, pé ẹkún ni òun gbọ́.

Màmá Ọ̀mù-Àrán ní àdúà ni, ní èdè Lárúbáwá, òun sì ṣe àmín.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ kọ ọ́ pé: *ariwo ẹ̀rọ, ọmọ náà dáhùn.*

Ìyá Salman ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a yíjú padà, ó ti da gèlè bojú, ó ń bi Màmá mi bóyá irú ata tí òun yá lánàá ṣì kù.

Mo ti gbọ́ ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì yẹn tó wà lọ́wọ́ wa títí ó fi ń hanrun. Ohun tí mo máa ń rò rèé: tó bá jẹ́ Ìyanu ló pè, èmi náà ì bá dáhùn. Mi ò dáhùn.

Àmọ́ bisikíìtì wà lẹ́nu mi.


21. FÁÌLÌ TÍ WỌ́N TÚN ṢE, 1994

> *Iye ọmọ tí wọ́n bí nípa ìtọ́jú ní àyíká yìí:* ~~ọ̀kan~~ *méjì.*

Wọ́n pa ìjábọ̀ àkọ́kọ́ rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ka Nafisah náà mọ́ ọmọ inú ìgò. Bàbá mi kọ lẹ́tà láti tún un ṣe. Ó kọ òmíràn láti rán wọn létí èyí tó kọ́kọ́ kọ. Nígbà tí èkejì yẹn ò lésì, ó ní kí wọ́n kúkú máa bọ̀.

Látìgbà náà ni fọ́ọ̀mù méjì ti ń wá lọ́dọọdún. Lọ́dún yìí, wọ́n ní a ti dàgbà, kí àwọn ọmọ fúnra wọn kọ èsì. Mo kọ tèmi. Níbi tí wọ́n ti ní bóyá mo yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ mi, mo ní rárá, mo wá pa á rẹ́, mo ní kí wọ́n bi Nafisah.

Mo yọjú wo ti Nafisah.

*Ta ni ìyá rẹ?*

Ó kọ ọ́ pé: *Wọ́n ní òun ni.* Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kejì bò ó.


22

Mo tún ti lọ sórí ògiri. Nafisah. Nafisah. Nọ́ńbà kẹrin mi dà?

Ìyá Salman ń fẹ́ ọkà bàbà lágbàlá. Kò gbójú sókè. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá pe orúkọ yẹn, ó máa ń dáwọ́ fífẹ́ náà dúró díẹ̀.


4 (ó ti padà dé, abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n tì í gbà)

*Ìyanu, kò sí nǹkan kan lórí bébà yìí nígbà tí mo mú un, ìwọ náà kàn ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé ni. Mo mú un kí o lè máa pè mí. Má tíì dákẹ́, ó ṣì wà lágbàlá, ó ń gbọ́.*